Fídíò lórí kọ̀ǹpútà kékeré: bí bátìrì ìnfátà yín ṣe lè gbé yín dé òpin fíìmù

Alẹ́ Sátidé ni, wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé jókòó síwájú tẹlifísọ̀n, fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí àṣírí fẹ́ tú, ni ìnfátà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ká ra bátìrì kan kún un. Owó bátìrì kì í ṣe kékeré. Kí ẹ tó ná an, ẹ jẹ́ ká wo kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù náà jáde, torí ibẹ̀ ni iná púpọ̀ ti ń ṣòfò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti kéré, iná tó ń jẹ náà á kéré. Mo ti rí kọ̀ǹpútà kékeré tí fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta nítorí fídíò YouTube kan ṣoṣo, mo sì ti rí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo tó gbé fíìmù wákàtí méjì láìgbóná rárá. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá ẹ̀rọ náà mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà di fídíò ọ̀hún. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò ohun tó wà nínú bátìrì

Bátìrì 12 fóòtì (volt) tí wọ́n kọ 100Ah (ampù-wákàtì 100) sí lára ní 1,200 wáàtì-wákàtì nínú, ìyẹn 12 lọ́nà 100. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má ṣe lò ó kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìyẹn jẹ́ 600. Ìnfátà á yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ká ní ìdá 85 nínú 100 ló ń dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ku 510.

Ẹ wá pín in. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ 70 wáàtì àti tẹlifísọ̀n LED tó ń jẹ 40 wáàtì jẹ́ 110 lápapọ̀. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni, ó lé díẹ̀. Ẹ fi kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ 10 wáàtì rọ́pò ti ńlá: àpapọ̀ di 50, ó sì di wákàtí mẹ́wàá. Bátìrì kan náà ni.

Nǹkan kan tún fara hàn nínú ìṣirò yẹn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti bọ́ sí 10, tẹlifísọ̀n ló kù tó ń jẹun jù nínú ilé. Láti ìgbà náà lọ, ibi tí èrè wà ni ìmọ́lẹ̀ ojú tẹlifísọ̀n. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún àwòrán ṣe, ẹ kúrò ní "Vivid" tàbí "Dynamic", ẹ bọ́ sí "Movie" tàbí "Standard", kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. Lálẹ́, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ojú yín gan-an á dúpẹ́.

Ẹni tó ń lo iná NEPA tààrà náà lè ṣírò tirẹ̀. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù) dé náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 (owó náà ti ń yí padà láti ìgbà náà), wáàtì 60 tí a dín kù yẹn, fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, jẹ́ kílówáàtì-wákàtì mẹ́sàn-án, ìyẹn náírà 2,025. Fún ilé kan, kò tóbi púpọ̀. Fún ilé ẹ̀kọ́ tó ní ogún kọ̀ǹpútà, ó lé ní 40,000 náírà lóṣù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ẹ ra ẹ̀rọ awọnwáàtì kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ki kọ̀ǹpútà bọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí pátákó kan ṣoṣo) lẹ ní, awọnwáàtì oní-USB ni ẹ nílò. Ìgbà tí iná NEPA bá wà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí iná tó ń jáde lára àwọn ìnfátà olówó pọ́ọ́kú lè mú kí awọnwáàtì ṣì kà.

Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà wà ní títàn, ẹ ò sì fi ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì, fídíò kan náà ń lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkẹta, ẹ ti pa á ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, torí a máa padà síbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ wíwọ̀n? Àwọn nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ máa ń ṣi ni lọ́nà. Ṣájà tí wọ́n kọ 65W sí lára ń sọ ibi tí agbára òun pin sí. Kò sọ iye tí kọ̀ǹpútà ń jẹ. Iye tí Intel kọ fún prósẹ́sọ̀ (chip tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà) rẹ̀ tó ń jẹ́ N100 jẹ́ wáàtì mẹ́fà, síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun tí gbogbo àpótí náà ń fà lára ògiri lè kọjá 20. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 2008, Intel gbé Atom 230 jáde, prósẹ́sọ̀ oníwáàtì mẹ́rin. Gbogbo ayé ń yìn ín. Ṣùgbọ́n 945GC, chip kejì tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ ọn lórí pátákó, jẹ́ oníwáàtì 22. Ẹni tó ka ìwé ara páálí nìkan kò mọ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ló mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ bí wọ́n ṣe di fídíò yín

Fídíò tí wọn ò dì rárá tóbi kọjá sísọ. Wákàtí kan fíìmù 1080p (àwòrán tó ní ìlà 1,080 láti òkè dé ìsàlẹ̀) tó ní 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gbà ju 300 gígábáìtì lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì í bí ẹni di ẹrù, tí ẹ̀rọ yín á sì máa tú u bí ẹ ṣe ń wò ó. Mẹ́rin ni ọ̀nà ìdìpọ̀ tí ẹ máa bá pàdé jù: H.264 ti ọdún 2003, HEVC tí wọ́n tún ń pè ní H.265, ti ọdún 2013, VP9 tí Google gbé jáde lọ́dún 2013 kan náà, àti AV1 ti ọdún 2018. Bí ọ̀nà bá ṣe tuntun tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdìpọ̀ rẹ̀ ṣe le tó: fáìlì á kéré sí i, àmọ́ títú rẹ̀ á gba agbára sí i.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà tú u. Prósẹ́sọ̀ lè fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe é, tàbí kí ó fi sílẹ̀ fún ẹ̀yà kékeré kan nínú chip tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà nìkan, tí a ó máa pè ní atúfídíò. Ẹ rántí ẹni tó ń fi ọlọ lọ ata àsè ìgbéyàwó: á lọ̀ ọ́ tán o, ṣùgbọ́n apá á ro ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀rọ ìlọta á parí ẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kò lè gún iyán. Bẹ́ẹ̀ náà ni atúfídíò: ọ̀nà ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ láti ilé iṣẹ́ ló mọ̀. Kò sí àtúnṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè kọ́ ọ ní òmíràn. Bí fídíò bá dé pẹ̀lú ìdìpọ̀ tí kò mọ̀, ọrùn prósẹ́sọ̀ ni gbogbo ẹrù náà á bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni bátìrì ti ń lọ.

Láti mọ bí wọ́n ṣe di fáìlì kan, ẹ ṣí i nínú VLC (ètò tí a fi ń wo fídíò), kí ẹ tẹ Ctrl àti J pọ̀. Bí mpv, ètò ìwofídíò mìíràn, lẹ ń lò, ẹ tẹ lẹ́tà i nígbà tí fídíò ń lọ. Lórí YouTube, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún mouse lórí fídíò, ẹ mú "Stats for nerds", kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Codecs" sí: avc1 ni H.264, vp09 ni VP9, av01 ni AV1.

Àwọn fáìlì H.264 kan wà tó jẹ́ 10-bit (àwọ̀ inú wọn pọ̀ ju ti 8-bit tó wọ́pọ̀ lọ). Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí atúfídíò kankan nínú kọ̀ǹpútà tó mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá pàdé wọn, ẹ fò dé ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ẹ̀rọ

Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kéékèèké tokunbo, irú èyí tí Dell, HP àti Lenovo ń ṣe tí kò ju ìwé ńlá méjì tí a tò lé ara wọn lọ, kún Computer Village ní Ìkẹjà. Owó wọn kì í gani lára. Ọlọ́jà á sọ fún yín pé "Core i5 ni", ṣùgbọ́n i5 kò sọ ohunkóhun nípa fídíò. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà. Nínú i5-4590T, 4 tó ṣíwájú ni ìran rẹ̀. Nínú i5-8500T, ìran 8 ni. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ márùn-ún, méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú: 11400 jẹ́ ìran 11. Lẹ́tà T tó wà ní ìparí dára. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, wáàtì 35 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un.

Ìran 4 mọ H.264, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ nǹkan mìíràn nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Ìran 6 fi HEVC kún un, ṣùgbọ́n 8-bit nìkan. Ìran 7 ni nǹkan ti yí padà: ó mọ HEVC 10-bit àti VP9, ìran 8 náà sì rí bẹ́ẹ̀. AV1 di ìran 11 kó tó wọlé. Bí owó yín bá lè dé ìran 8, ẹ dé ibẹ̀, torí òun náà ni ìran tí Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọlé, Microsoft sì ti parí ìtọ́jú Windows 10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó ní ìran 6 tàbí 7 lọ́wọ́ kò pàdánù. Kó fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ tuntun, àwọn àpótí kéékèèké tó ní N100, prósẹ́sọ̀ tí Intel gbé jáde lọ́dún 2023, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni atúfídíò rẹ̀ mọ̀, títí kan AV1.

Raspberry Pi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba àlàyé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rà á fún YouTube tí wọ́n sì kábàámọ̀. Pi 4, ti ọdún 2019, ní atúfídíò fún H.264 dé 1080p àti fún HEVC dé 4K (ìwọ̀n àwòrán tó ga ju 1080p lọ). Kò mọ VP9, kò mọ AV1. Nígbà tí Pi 5 jáde ní ọdún 2023, wọ́n tilẹ̀ yọ atúfídíò H.264 kúrò, ó wá ku HEVC nìkan. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ lágbára tó láti tú H.264 1080p fúnra rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi yọ ọ́. Ṣùgbọ́n H.264, VP9 àti AV1 ni YouTube ń fi ránṣẹ́ sí bùráwúsà, nítorí náà atúfídíò kan ṣoṣo tó kù lára Pi 5 kò wúlò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù tó wà nínú dírááfù lẹ fẹ́ máa wò, tí ẹ fi LibreELEC (ètò Linux kékeré tó wà fún wíwo fíìmù) sí i, Pi á tẹ́ yín lọ́rùn gan-an: wáàtì mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló ń jẹ nígbà tó bá jókòó lásán. Bó bá jẹ́ YouTube ni, ẹ ra N100 tàbí tokunbo ìran 8.

Ẹ má fi ṣájà fóònù lásán gbé Pi o. Pi 4 ń fẹ́ 5 fóòtì, ampù 3; Pi 5 ń fẹ́ ampù 5. Bí iná kò bá tó, fídíò á máa já, ẹ ó sì rò pé Pi ni kò dára. Bí ẹ bá rí àmì mànàmáná lójú tẹlifísọ̀n, ṣájà tàbí wáyà ni ẹjọ́ rẹ̀. Lórí Raspberry Pi OS, ẹ kọ èyí síbi àṣẹ (Terminal):

vcgencmd get_throttled

Ìdáhùn tó yẹ kó wá ni throttled=0x0. Bó bá mú nọ́ńbà mìíràn wá, iná ti relẹ̀ rí tàbí ó ti gbóná jù rí láti ìgbà tí ẹ ti tàn án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ rí i pé atúfídíò ń ṣiṣẹ́

Níní atúfídíò yàtọ̀ sí lílo ó. Mo ti bá ẹ̀rọ pàdé tí ohun gbogbo pé nínú rẹ̀, tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì ń dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe, kìkì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi drábà tó yẹ (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows tàbí Linux lè lo chip) sí i.

Lórí Windows, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí "Performance", ẹ tẹ GPU (ẹ̀yà tó ń bójú tó àwòrán), kí ẹ wo àwòrán ìlà tí wọ́n kọ "Video Decode" sí nígbà tí fídíò ń lọ. Bó bá wà ní òfo, tí CPU (prósẹ́sọ̀) sì ń gòkè lọ, atúfídíò ń sùn. Drábà Intel ni kí ẹ kọ́kọ́ tún fi sí i.

Lórí Ubuntu tàbí Debian (irú Linux méjì), fún Intel ìran 5 sókè, ẹ kọ èyí síbi àṣẹ:

sudo apt install intel-media-va-driver vainfo mpv

Fún ìran 4 sísàlẹ̀, i965-va-driver ni kí ẹ fi rọ́pò èkíní. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ vainfo. Á to àwọn orúkọ sílẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí VAEntrypointVLD lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdìpọ̀ kan, ẹ̀rọ yín lè tú u. Ẹ wá ṣí fáìlì ~/.config/mpv/mpv.conf, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo yìí sínú rẹ̀:

hwdec=auto-safe

Ẹ ṣí fíìmù kan pẹ̀lú mpv, ẹ tẹ i. Bí ẹ bá rí vaapi nínú ohun tó kọ síbẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ti bùráwúsà ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Nínú Chrome, ẹ kọ chrome://gpu síbi àdírẹ́sì, kí ẹ wo ìlà "Video Decode". Nínú Firefox, about:support ni. Bí "Stats for nerds" bá sọ pé av01 ni YouTube ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò mọ AV1, ẹ fi àfikún tí wọ́n ń pè ní enhanced-h264ify sínú bùráwúsà, kí ẹ ní kó dí AV1 lọ́nà. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ VP9 náà, ẹ dí òun pẹ̀lú. YouTube á wá máa fi H.264 ránṣẹ́.

Ó ní ohun tí ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ yín o. H.264 á jẹ dátà ju AV1 lọ fún àwòrán tó dọ́gba, kì í sì í kọjá 1080p lórí YouTube. Ẹni tó ń ra dátà ní gígábáìtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé e lé òṣùwọ̀n: bátìrì ni àbí dátà? Èrò tèmi ni pé kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 720p, kí ẹ jèrè lọ́nà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ tẹlifísọ̀n oní-íǹṣì 32 tó wà nílé wa jẹ́ 1366 sí 768. Ohun tó kọjá 720p díẹ̀ ni ojú rẹ̀ lè gbé. Ẹni tó ń fi 1080p ránṣẹ́ sí i ń sanwó dátà àti iná fún àwòrán tí kò ní fojú rí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti yanjú, ẹ padà wo nọ́ńbà "dropped frames" nínú "Stats for nerds". Àwọn àwòrán tó fò kọjá láìhàn ni. Díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kò burú. Bó bá ń pọ̀ sí i títí, ẹ yan ìwọ̀n àwòrán tó kéré sí i, tàbí kí ẹ kúrò lórí fídíò 60fps (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) bọ́ sí 30.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gba àwọn wáàtì kéékèèké padà

Dírááfù oníyíyípo (hard disk) ti kọ̀ǹpútà ńlá ń jẹ tó wáàtì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. SSD, dírááfù tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀, kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí Linux, ẹ fi powertop (ètò tó ń dín iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kù) sí i, ẹ kọ sudo powertop --auto-tune, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí mouse tàbí kíbọ́ọ̀dù bá ń sùn lọ lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tàn, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Ẹ ti àwọn ojú ewé bùráwúsà tí ẹ ò lò.

Ẹ ṣọ́ra fún eruku ọyẹ́. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ihò afẹ́fẹ́ àwọn àpótí kéékèèké yìí máa ń dí. Ẹ̀rọ tó gbóná á fa eré rẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Pi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 80 dígírì Celsius. Fídíò tó ń lọ geere ní oṣù kẹjọ lè máa já ní oṣù kìíní, kó sì jẹ́ eruku nìkan ló fà á.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yọ ìnfátà kúrò láàárín, bó bá ṣeé ṣe

Èyí wà fún ẹni tó mọ wáyà mú tàbí tó ní aṣiṣẹ́ iná tó fọkàn tán. Ìnfátà ńlá ń jẹ iná tirẹ̀ kódà bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ó sì lè ju ohun tí kọ̀ǹpútà kékeré fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ. Ẹ rò ó wò: bátìrì ní 12 fóòtì, ìnfátà sọ ọ́ di 230, ṣájà tún sọ ọ́ padà di 12. A ń sanwó ọkọ̀ lọ, a ń sanwó ọkọ̀ bọ̀, ibi tí a wà náà la padà sí.

Ọ̀pọ̀ àpótí N100 ń lo 12 fóòtì. Síbẹ̀, ẹ má ṣe so ó mọ́ bátìrì tààrà. Nígbà tí sólà bá ń gba bátìrì lágbára, fóòtì rẹ̀ lè gòkè kọjá 14, bó bá sì ń tán lọ, ó lè bọ́ sísàlẹ̀ 12. Ẹ fi ẹ̀rọ amúfóòtì-dúró sáàárín, èyí tó lè gbé e sókè tó sì lè fà á wálẹ̀, tí yóò máa mú 12 fóòtì tó dúró gbọn-in jáde. Fún Pi, ẹ wá èyí tó ń mú 5 fóòtì jáde. Tokunbo tó ń lo 19 tàbí 20 fóòtì nílò èyí tó ń gbé e sókè. Kí fúùsì wà lórí wáyà pósítíìfù, ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Wáyà tó kan ara wọn láìsí fúùsì lè dáná sun ilé, nítorí náà ẹ má fi fúùsì ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ tún àwọn fáìlì alágídí dì

Àwọn fáìlì kan á kù tí ẹ̀rọ yín kò ní mọ̀ láéláé. Ẹ fi ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tó ń tún fídíò dì, tún wọn dì sí H.264 8-bit tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ ló lè gbé e. Iṣẹ́ yìí ń jẹ iná, nítorí náà ọ̀sán gangan tí oòrùn ràn dáadáa, tàbí ìgbà tí iná NEPA wà, ni kí ẹ ṣe é:

ffmpeg -i fiimu.mkv -c:v libx264 -crf 21 -preset medium -pix_fmt yuv420p -c:a copy fiimu-tuntun.mkv

Bí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn crf bá kéré sí i, àwòrán á mọ́ sí i, fáìlì á sì tóbi sí i. Bó bá jẹ́ Raspberry Pi 4 ló máa gbé e, tí fíìmù náà sì jẹ́ 4K, ẹ fi -vf scale=1920:-2 kún un ṣáájú -c:v, torí atúfídíò H.264 rẹ̀ kì í kọjá 1080p. Ẹ má tíì pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ẹ wo tuntun náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí, kí ẹ rí i pé ohùn àti ẹnu ń bá ara wọn lọ, kí ẹ sì fi awọnwáàtì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì.